Ọkọ Kan Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Ìyàwó tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn, ìbáà jẹ́ ọmọ tí kò tíì mọ ìdí í nù, ẹni tí wọ́n ti bí sílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Kí wọ́n lọ fún ìyá ọkọ lórúkọ tí kò dùn mọ́ ọn, kí wọ́n wá padà wá ròyìn.

Mùfúlíátù mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Nígbà tí Ọládùnjoyè gbé e wọ ilé tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé ní Nyanya, ọjọ́ díẹ̀ ló fi sọ gbogbo wọn lórúkọ tán. Gafar, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ń wa mọ́tò fún iléeṣẹ́ ìjọba kan, di Bàbá Alágbàlá, bẹ́ẹ̀ yàrá mélòó kan ló ní nínú ilé onílé, kò sí àgbàlá kankan. Gafar rẹ́rìn-ín, ó gba orúkọ rẹ̀. Ràṣídátù, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí òbí wọn, tó ń ta aṣọ ní Area 1 ní Garki, di Ìdílẹ̀kẹ̀. Obìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó tún máa wá kí wọn, ó mú odindi ìgàn àǹkárá wá fún ìyàwó tuntun.

Ó wá ku Shakirah, ọmọ Gafar. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi èédú kọ nǹkan sára ògiri títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ká mọ. Mùfúlíátù kúnlẹ̀ tì í, ó wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ náà kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn. Ó dáhùn bó ṣe ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Hausa àdúgbò bí wọ́n bá kí wọn, ó ní, "Yauwa." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé.

Bó ṣe di Akọ̀wé nìyẹn. Mùfúlíátù kì í bá a sọ̀rọ̀ kó má fi "ẹ" sí i. Shakirah náà, bó ṣe ń dàgbà, ó mọ̀ pé àǹtí òun ni, ó ń pè é ní Àǹtí Ìyàwó, òun náà ń fi "ẹ" dá a lóhùn. Àlejò tó bá gbọ́ wọn á ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Bí ẹran bá jinná, Akọ̀wé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bù fún. Bí Ìyá Shakirah bá fẹ́ na ọmọ rẹ̀, ẹ̀yìn Mùfúlíátù ló ń sá sí, Mùfúlíátù á sì ní ojú òun kọ́ ni wọ́n ti máa na ọkọ òun. Ìyàwó ni Ìyá Shakirah náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó bí ni tirẹ̀, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú eré àpọ́nlé yìí. Ó kàn máa ń mi orí ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí dé, Shakirah ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ku ọdún kan àti díẹ̀ kó jáde nílé ìwé girama.

Ràṣídátù ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ti Garki dé lọ́jọ́ Sunday kan, ó bú àwọn onímọ́tò tó dí ọ̀nà Nyanya pa, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíni nílé ní Kogi, ó ní, "Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé," ó jókòó, ó mumi, ó wá là á mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Galadimawa, ará ìlú wọn ní Kogi, táìlì ló ń tà. Ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kì í pa ìrun jẹ, kò mọ adùn ọtí, ìyá rẹ̀ àtàwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ó rí Shakirah níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú, níbi tó ti ń bu omi fún àwọn àgbà. Ó ní bí ọmọ náà ṣe ń kúnlẹ̀ ló wọ òun lójú. Ó fẹ́ fi ṣe aya.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkà ni Ràṣídátù. Òun ló mú Gafar wá sí Abuja, òun ló bá a wá iṣẹ́, òun náà ló bá wọn wá ilé tí wọ́n ń gbé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà lójúlé kẹta sí wọn. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ lóyún nígbà tí ìdánwò ku fẹ́ẹ́rẹ́, bàbá rẹ̀ ò sì lọ kírun Jímọ̀ ládùúgbò mọ́, mọ́ṣáláṣí ọ̀nà jíjìn ló ń lọ. Ràṣídátù ò fẹ́ kí ojú Gafar rí irú ẹ̀. Ó ní ọkọ ni adé orí obìnrin, ó ní bí obìnrin bá kàwé dé ìdí ìwé, ilé ìdáná náà ló máa parí sí, ó ní ìwé ò sì sá lọ síbì kankan, bí ọkọ rẹ̀ bá gbà, á kà á níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló fi ìfẹ́ sọ, ìyẹn ló fi ṣòroó dá lóhùn.

Wọ́n pe Shakirah, wọ́n sọ fún un. Ó wolẹ̀, kò fọhùn. Ràṣídátù rẹ́rìn-ín, ó ní bí wúńdíá bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Gafar wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti sọ̀rọ̀. Ìyá Shakirah wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá jáde pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Mùfúlíátù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sídìí orin tí àwọn ìyàwó ilé máa kọ, ó ti ń ronú ìkòkò tó máa gba ẹ̀gúsí. Òun fúnra rẹ̀, ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ti gba òmìnira, ó ti lé lógún ọdún dáadáa kó tó sọ pé òun ń lọ sílé ọkọ. Kò wá sí i lọ́kàn rárá láti fi ìyẹn wé ti Akọ̀wé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìlù ìgbéyàwó lọ́kàn, etí rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ràṣídátù wá gbé iṣẹ́ fún un. Ó ní kó tó di pé àwọn máa jókòó ìdílé láti fún àwọn ará Galadimawa lésì, kí Mùfúlíátù kọ́ ọmọ náà bí ìyàwó ṣe ń ṣe: bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ èèyàn púpọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọkọ lówùúrọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sọ àwọn ará ilé lórúkọ. Ó ní lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ bíi Mùfúlíátù. Orí Mùfúlíátù wú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Saturday kan, lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù tí wọ́n ta síbi ìdáná. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Mùfúlíátù ní kí Akọ̀wé fojú inú wo ilé ọkọ rẹ̀, kó sọ àwọn tó wà níbẹ̀. Shakirah, tó ti rí wọn níbi ìpàdé ọmọ ìlú, ní ìyá ọkùnrin náà wà, obìnrin pupa ni. Mùfúlíátù ní kí ni wọ́n máa pè é? Ó ronú, ó ní Ìyá Apọ́nbéporẹ́. Mùfúlíátù pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà, ó sanra, ó fẹ́ràn aṣọ funfun. Ó ní Bọ̀dá Gbajúmọ̀. Mùfúlíátù ní ọmọ yìí ti borí òun, ó ní kó máa bá a lọ. Shakirah ní ó ku ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, ó ṣì wà ní nọ́sìrì.

"Òun náà, ọkọ ni," Mùfúlíátù wí. "Ẹ máa kúnlẹ̀ fún un. Kí lẹ máa pè é?"

Shakirah ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. Ó ní, "Mo máa pè é ní Akọ̀wé."

Ọwọ́ Mùfúlíátù dúró nínú ẹ̀wà. "Ẹ wá òmíràn. Orúkọ yín nìyẹn."

"Mi ò ní lò ó mọ́, Àǹtí Ìyàwó. Kò sí ẹni tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀." Kò sunkún. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. "Orúkọ tó dáa jù tí mo mọ̀ nìyẹn. Kó má kàn ṣòfò."

Mùfúlíátù rí i kedere bí ẹni tó ń wo iwájú rẹ̀: ọmọ yìí lórí eékún nínú ilé onílé, tó ń fi "ẹ" kí ọmọ nọ́sìrì, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tó máa kúnlẹ̀ kí òun náà. Nílé yìí, ọkọ ni. Bó bá ti fi ẹsẹ̀ kan jáde, ó di aya, ó di ẹni tó kéré jù nínú ilé, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ adùn ọkọ tó jẹ́ tán. Òun Mùfúlíátù ló sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ orúkọ sílẹ̀. Ojú tì í.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

"Wọn ò bi mí."

"Èmi ń bi yín."

Shakirah wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo ti gbà. Èwo ni kí n ṣe?"

Mùfúlíátù kò kọ́ ọ lórúkọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣa ẹ̀wà yẹn tán, wọ́n tún un ṣà.

Ó wá ẹni tó máa fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ fún Ọládùnjoyè ọkọ rẹ̀. Ọládùnjoyè kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ju bó ṣe bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ. Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kí Mùfúlíátù rántí ẹni tó wá ilé tí wọ́n ń sùn. Mùfúlíátù lọ bá Ìyá Shakirah. Ìyẹn dì í lọ́wọ́ mú, ó ní òun ti gbọ́ lórí rédíò pé òfin Abuja ní kí ọmọ pé ọdún méjìdínlógún kó tó lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé rédíò lọ síwájú Àǹtí Ràṣídátù? Ó ní, "Aya ni èmi náà, Mùfúlíátù. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ọjọ́ ìjókòó pé. Wọ́n kírun àsárì tán, wọ́n kó jọ sí pálọ̀ Gafar. Gafar wà lórí àga rẹ̀, Ràṣídátù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Ọládùnjoyè wà lápá òsì. Àwọn ìyàwó méjèèjì wà lórí ẹní lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Shakirah wà lẹ́yìn kọ́tìnì nínú yàrá, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Gafar, ibẹ̀ ni Shakirah máa ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n.

Ràṣídátù ṣàlàyé ohun gbogbo létòlétò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ará Galadimawa ń bọ̀, ó kù kí wọ́n fi ohùn kan dá wọn lóhùn. Ó bi Ọládùnjoyè, Ọládùnjoyè ní ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun bá fọwọ́ sí lòun fọwọ́ sí. Ó bi Gafar. Gafar fi ọwọ́ pa orí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti sọ̀rọ̀. Ìyá Shakirah wú ikọ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní ìwé ọmọ náà kù díẹ̀ kó parí.

Ràṣídátù ò bínú sí i. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi dá a dúró. Ó ní, "Ìyàwó, nínú ilé yìí, ọkọ ló ń sọ̀rọ̀, aya ń gbọ́. Èmi náà gbọ́ nígbà tí mo wà nílé ọkọ tèmi. Àwọn ọkọ sì ti sọ̀rọ̀ tán."

Àṣìṣe tí Ràṣídátù ṣe nìyẹn. Bó bá sọ pé ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa rí nǹkan kan wí, ṣùgbọ́n kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin ni òun náà.

Mùfúlíátù kúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu òun yìí lè sọ òun di aláfojúdi ìyàwó títí ayé, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé e mì, ọ̀fun òun ni yóò há sí. Ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Aya ni mí, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kan kò tíì sọ̀rọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Gafar wo Ọládùnjoyè, Ọládùnjoyè wo òkè àjà. Ràṣídátù ní ta nìyẹn, ṣé àwọn tó wà nílé ní Kogi ló ń sọ?

"Akọ̀wé ni," Mùfúlíátù wí. "Mo bá a nílé yìí."

Ràṣídátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Ó ní, "Kai, Mùfúlíátù. Ọmọdé ni Shakirah."

"Bó bá jẹ́ ọmọdé, Àǹtí, kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé ọkọ? Bó bá sì ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, ó ti tó sọ̀rọ̀ nílé bàbá rẹ̀."

Ràṣídátù yanu láti sọ pé eré làwọn ìyàwó ń fi ìyẹn ṣe, pé ọkọ orí ahọ́n ni. Ó pa ẹnu náà dé. Obìnrin tó gbọ́n ni, ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ti Shakirah bá jẹ́ eré, eré ni tirẹ̀ náà. Eré ni ìkúnlẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún un, eré ni ẹran tí wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún un, eré sì ni ohùn tó fi ń pàṣẹ nínú ilé yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìdí tó fi jókòó lápá ọ̀tún Gafar, pé ọmọ ilé ni, ìdí kan náà ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ọmọ ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Gafar ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹ pè é wá."

Shakirah jáde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ sórí ẹní lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó. Mùfúlíátù rọra tì í. Ó ní, "Ibẹ̀ kọ́ ni ìjókòó yín," ó tọ́ka sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó wá lọ jókòó síbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ já geere bí ẹ̀rù bá ń bà á.

"Dádì, mi ò tíì rẹ́dì," ó wí. "Ọkùnrin yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò mọ̀ ọ́n ni. Mo fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì mi, mo fẹ́ wọ yunifásítì." Ó yíjú sí Ràṣídátù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ yẹn, kì í ṣe pé mo gbà ni mo ṣe dákẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ràṣídátù tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó tú u, ó tún un wé. Gbogbo ìdílé ló mọ ìtàn bí wọ́n ṣe gbé òun náà lọ sílé ọkọ ní Lọ́kọ́ja lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ó máa ń fi yangàn pé òun ò sunkún, òun ò wẹ̀yìn, pé gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń yìn òun pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kò fọhùn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ẹ̀rù ba èmi náà," Ràṣídátù wí, ó sì dà bí ẹni pé etí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Kò sí ìyàwó kankan tó béèrè ọ̀rọ̀ mi nílé bàbá wa."

Ọládùnjoyè ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gafar ní òun yóò sọ fún àwọn ará Galadimawa pé ọmọ òun ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, kí wọ́n má dúró dè é. Ràṣídátù ní rárá, òun lòun pè wọ́n wá, òun lòun yóò lọ dá wọn lóhùn. Ó ní ọkùnrin náà dáa, kò ní pẹ́ rí obìnrin tó ti gbó tó ilé ọkọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa ọjà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè bọ́ sọ́nà kí mọ́tò tó tún dí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mùfúlíátù."

Mùfúlíátù rò pé tòun ló wá kàn wàyí. Ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi."

"Ọkọ ẹ sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, o wá jókòó síbẹ̀. Bu omi fún un."

Mùfúlíátù sáré bu omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí kékeré yẹn bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó fún un lórúkọ. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o."

Shakirah gba ife náà. Ó mu ú tán pátápátá kó tó dáhùn.

"Yauwa," ó wí. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, àfi Ìyá Shakirah, tó ń fi etí ìborùn nu ojú.